Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì Sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Láti ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Èsì ìdánwò wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ; ọjọ́ ìwọlé àti owó sáà tó ń bọ̀ wà lẹ́yìn ìwé náà.

Ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ sí Jẹ́bà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn òbí kan ti bi mí pé kí ni ọmọ Àkúrẹ́ ń wá lọ sídìí afárá àtijọ́. Ìbéèrè náà tọ́, owó ọkọ̀ kì í ṣe kékeré.

Ojú irin ò gba ìpínlẹ̀ wa. Nígbà tí mo ní kí ọmọ SS2 tó ti rí rélùwéè rí nawọ́, ọwọ́ mẹ́rin péré ló gòkè. Ojú irin tó dé Ìbàdàn láti Èkó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Jẹ́bà ní 1909, Odò Ọya sì dínà fún un. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé rélùwéè sọdá títí afárá fi parí ní 1916.

Olùkọ́ físíìsì wa fi ọparun lílà so igun mẹ́rin. A fọwọ́ tì í, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dábùú ọ̀kan sí i láti igun dé igun, ó di onígun mẹ́ta méjì, ó dúró gbọin. Wọ́n so púpọ̀ irú rẹ̀ pọ̀ ṣe afárá kékeré, ọmọbìnrin JSS3 kan sì gun orí rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́! Ọgbọ́n yẹn náà ló wà lára afárá Jẹ́bà: irin kan ń fà, èkejì ń tì.

Ní Savage, ní Maryland, Amẹ́ríkà, afárá rélùwéè onírin kan wà tí wọ́n ṣe ní 1869. Wọ́n tú u, wọ́n tún un tò síbi tó wà báyìí ní 1887. Rélùwéè ò gba orí rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín, síbẹ̀ wọn ò tà á fún oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Níbí, àwọn kan ń tú bóòtù ojú irin tà. Ọmọ wa méjì náà fẹ́ ta irin géètì ilé-ìwé ní sáà yìí, ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá gbé irin wálé, ẹ bi í níbi tó ti rí i.

Ìlọrin la máa sùn lóru ọjọ́ kan, olùkọ́ obìnrin méjì á sì wà pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin. Ẹ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, kí ọmọ mú un wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bá wọlé. Ẹ lè san owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó wá rí èmi fúnra mi.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé