Lẹ́tà sí ìyá tó ń gbé ọmọ aláìsàn relé láti ilé ìwòsàn Ìdí-Aba ní Abẹ́òkúta

Ìyá ọmọ,

Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrọ́jú. Wọ́n ti ní kí ẹ máa gbé ọmọ lọ sílé, wọ́n sì ti fa yín lé ọwọ́ àwọn tó ń rí sí ìrora àti ìtura aláìsàn. Bóyá ẹnì kan ti sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù pé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń rán ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá agbára dókítà. Irọ́ ni. Láti 1998 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti mọ àìsàn ńlá tó ń ṣe ọmọdé ni ìtọ́jú yìí ń bẹ̀rẹ̀, yálà ó ṣì ń gba oògùn tó lè wò ó sàn tàbí kò gbà á mọ́. Ọmọ tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ wà lára àwọn tí ìtọ́jú yìí wà fún. Ọmọ tí fòníkú-fọ̀ladìde ń dá lóró náà wà lára wọn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ ni pé kí ẹ má dúró de igbe ọmọ kí ẹ tó fún un ní oògùn ìrora. Aago ni kí ẹ máa wò. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni omi mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára: aago 6 àárọ̀, aago 10, aago 2 ọ̀sán, aago 6 ìrọ̀lẹ́, aago 10 alẹ́, aago 2 òru. Ti aago 2 òru ni ọ̀pọ̀ ilé ń fò. Wọ́n á ní ọmọ ń sùn, ẹ jẹ́ ó sinmi. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ìrora ti gun orí rẹ̀, ìwọ̀n tó ń ká a lánàá kò ní ká a mọ́. Ẹ fi aago sí fóònù, ẹ rọra jí i. Jíjí yẹn náà tún jẹ́ àyẹ̀wò: ọmọ tó kàn ń sùn á lajú, á kùn sí yín. Èyí tí oògùn ti pọ̀ jù lára rẹ̀ kò ní jí dáadáa, mímí rẹ̀ á falẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ á súnkì bí orí abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ má fún un ní oògùn, ẹ gbé e wá kíá.

Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ilé kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ìkejì. Ẹ sì máa ka ara ìgò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gba tuntun. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ ọdún méjì ni, ó wọn kílò 10, dókítà sì kọ mílígíráàmù 2 fún un. Bí ìgò bá jẹ́ mílígíráàmù 5 nínú mílílítà 5, mílílítà 2 ni ẹ ó fà. Bí èyí tí wọ́n fún yín lẹ́yìn náà bá jẹ́ mílígíráàmù 10 nínú mílílítà 5, mílílítà 1 péré ni. Ẹni tó bá ṣì ń fa 2 ti fún ọmọ ní ìlọ́po méjì láìmọ̀. Àṣìṣe yìí ló ń bà wá lẹ́rù, ju oògùn náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ tú u sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ bá bì í kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì.

Ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè máa sùn ṣáá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ oorun tí ìrora ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìgbẹ́ líle ni kì í lọ bọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí mọ́fíìnì bá bẹ̀rẹ̀ ni oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ béèrè.

Ìyá àgbà á bínú. Wọ́n á ní oògùn tí àwọn ọmọ ìta fi ń yó ni, wọ́n á rántí omi ikọ́ oní-codeine tí ìjọba fòfin dè ní 2018. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé: ọmọ tó ń lò ó nítorí ìrora, ní ìwọ̀n tí dókítà kọ, kì í ṣe ẹni tó ń wá ohun tí yóò pa á bí ọtí. Ara rẹ̀ lè mọ́ ọn lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ bí kò bá nílò rẹ̀ mọ́, a kì í gé e lójijì. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fún un ní àgbo, ẹ sọ fún wa, a ò ní bá yín jà. Kídìnrín ló ń gbé mọ́fíìnì jáde. Bí àgbo bá pa kídìnrín lára, oògùn á máa kó jọ sínú ọmọ.

Ọmọ tí ìrora ti pẹ́ lára rẹ̀ kì í sábà ké. Á dákẹ́, á kọjú sí ògiri, á ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ara rẹ̀ á le gbagidi bí ẹ bá gbé e fún wíwẹ̀. Àlejò á ní ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe ń yí ara, igbe rẹ̀, àti bóyá ó ṣeé rẹ̀ lẹ́kún. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 (kò sí àmì ìrora) sí 2 (àmì rẹ̀ pọ̀), ẹ rò ó pọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ń dé 4 kí aago oògùn tó lù, ẹ pè wá. Ẹ má dá fi kún un.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, ẹ má ra ibi tó bá pọ́n. Bí mímí bá nira, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ojú rẹ̀. Ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú ife omi tí ẹ sè tó ti tutù, ẹ ki aṣọ rírọ̀ bọ̀ ọ́, ẹ fi nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi òrí pa ètè. Ṣùgbọ́n oúnjẹ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́. Ọmọ tó ti rẹ̀ kò lè gbé e mì dáadáa; ògì á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ikọ́ àti ibà á tẹ̀lé e. Ṣíbí méjì tó fẹ́ fúnra rẹ̀ tó.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á béèrè. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn níwọ̀n ọjọ́ orí wọn, kí ẹ sì sọ ọ́ lásọtúnsọ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe ló fa àìsàn náà.

Tí ẹ bá ń bọ̀ ní kílíníìkì, ẹ jẹ́ kó tó nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn oògùn kí ẹ tó wọ mọ́tò, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Pánṣẹ́kẹ́ àti kòtò ọ̀nà kì í ṣàánú egungun tó ń dun ọmọ. Ẹ gbé ìgò dání. Nígbà tó bá ku ti ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀ ni kí ẹ wá gba òmíràn, nítorí kẹ́mísìtì àdúgbò ní Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá kò láṣẹ láti tà á. Kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù lónìí, ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé lóru, ẹ pè é níbẹ̀ lójú wọn kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń wọlé.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú yìí