Ilẹ̀ tábà kì í ṣe ilẹ̀ tí a kàn ń gbin ẹ̀fọ́ sí

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwa àgbẹ̀ Abẹ́òkúta tí a ń lọ gba ilẹ̀ dáko ní ìhà Ìsẹ́yìn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló fún mi ní éékà kan lọ́dún tó kọjá. Tábà ni wọ́n fi ilẹ̀ náà gbìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbin ewédú sí i, torí ọjà Kútọ̀ kì í kọ ewédú. Ó hù dáadáa. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí n já a, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń rọ lọ́sàn-án bí ẹni pé òjò ò rọ̀. Mo da ajílẹ̀ sí i, kò gbọ́. Ìgbà tí mo fa ìdí kan tu ni mo rí i: gbòǹgbò rẹ̀ wú kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sí òwú.

Kòkòrò inú ilẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nematode ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó ń jẹ tábà, ó ń jẹ ewédú, ilá àti tòmátì. Oúnjẹ ni mo tún gbé ka iwájú rẹ̀. Ẹ̀pà, tí ọ̀pọ̀ irú kòkòrò yìí kì í jẹ, ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbìn.

Tábà tún máa ń fa àwọn oúnjẹ ọ̀gbìn bíi náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́sì àti pòtásíọ̀mù lọ́wọ́ ilẹ̀ ju ọ̀pọ̀ irè oko lọ, ewé tó kó wọn sínú la sì ń dì tà. Àgbẹ̀ á wá máa fi ajílẹ̀ òyìnbó dí i. Bí a bá ń da yúríà lọ́dọọdún, ilẹ̀ á máa kan. Òǹkà pH la fi ń mọ̀ ọ́n: 7 kò kan rárá, 6 kan ní ìlọ́po 10 jù ú lọ, 5 kan ní ìlọ́po 100. Eérú tí àwọn ìyá wa ń dà sí ìdí ẹ̀fọ́ ń pa kíkan yẹn, àmọ́ èló la fẹ́ dà láìmọ òǹkà?

Èyí tó ń já mi láyà jù ni kádíọ́mù, irin olóró tó máa ń wà nínú àwọn ajílẹ̀ fọ́sífeètì kan. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń kan sí i ni gbòǹgbò ń rí i fà sí, tábà àti ẹ̀fọ́ sì ń kó o sínú ewé. Kì í yí àwọ̀ ẹ̀fọ́ padà, kì í yí adùn rẹ̀ padà. Kíndìnrín ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló ń bà jẹ́.

Yunifásítì àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí lọ́dún 1988 ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ilẹ̀ ní Alábàtà. Mo bẹ ìjọba kí wọ́n ná owó sí i, kí àwọn wọ̀nyẹn gbé tábìlì àyẹ̀wò ilẹ̀ wá sí Ọ̀sìẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó ń fi orí ru ẹ̀gẹ́ wọ ọjà kò ní máa wá yàrá àyẹ̀wò kiri.

Erùpẹ̀ tèmi tí wọ́n máa yẹ̀ wò ti wà nílẹ̀. Ojú ibi 15 ni mo ti gbẹ́ ẹ, mo pò ó pọ̀ nínú ike tó mọ́, mo sá a síbòji. Mi ò tíì gbin nǹkan kan sí éékà náà.

Àgbẹ̀ kan, Ọ̀bàǹtókò, Abẹ́òkúta.