Bẹ́líìtì awakọ̀ tírélà: ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n fi dandan lé e pé kí awakọ̀ tírélà àti tánkà máa de bẹ́líìtì ìjókòó kò yẹ kó tún máa fa àríyànjiyàn. Òfin ìrìnnà wa ti pa á láṣẹ fún awakọ̀ àti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì ti ń mú awakọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nítorí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀, ẹ dúró ní Ogèrè tàbí ní oríta Ṣágámù fún wákàtí kan péré, kí ẹ gbójú sókè wo inú àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kọjá. Awakọ̀ tó de bẹ́líìtì kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀ á ní oríkunkun ni. Oríkunkun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyẹn, bẹ́líìtì tó ṣeé dè kò sí.

Ohun tí àwọn awakọ̀ fúnra wọn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ọkọ̀ àwọn ga, ó sì wúwo, ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá kọ lù ú ni yóò rún. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ayọ́kẹ́lẹ́ kọ́ ló ń pa awakọ̀ tírélà. Ohun tó ń pa á ni kí ọkọ̀ dojú dé, tàbí kó lọ forí sọ ìdí tírélà mìíràn tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà lóru láìní iná. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró gbì, ara awakọ̀ kò tíì dúró. Eré tí ọkọ̀ ń sá tẹ́lẹ̀ ni òun ṣì ń bá lọ. Ẹni tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, tó sì forí sọ nǹkan láìde bẹ́líìtì, kò yàtọ̀ sí ẹni tó já láti ibi tó ga tó mítà 14, ìyẹn nǹkan bí orí òrùlé ilé alájà mẹ́rin. Sítíárì ọkọ̀ àjàgbé tóbi, ó sì na ara rẹ̀ síwájú ikùn àti àyà. Òun ni yóò kọ́kọ́ gba ẹni náà.

Ti kí ọkọ̀ dà ló burú jù. Ẹ wo tánkà tó gba lítà 33,000, tó ti já ìdajì epo rẹ̀ sílé epo kan, tó wá ń gbé ìyókù lọ sí òmíràn. Epo tó kù kò dúró sójú kan. Bí ọkọ̀ bá ya kọ́nà, epo á rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì máa fa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Bó bá ń dà sí ọ̀tún, awakọ̀ tí kò de bẹ́líìtì á yọ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ lápá òsì, á máa ṣubú lọ sí òdìkejì, nǹkan kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ sì lè dì mú ni sítíárì. Bó ṣe ń fà á ló ń yí ọkọ̀ sí ibi tó ń dà sí gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì sí lórí ìjánu mọ́. Kòtò ńlá lè ta á kúrò lórí ìjókòó bẹ́ẹ̀, táyà iwájú tó bẹ́ náà lè ṣe é. Àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lódìkejì ló máa ń jìyà rẹ̀. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ lè gba ojú gíláàsì tàbí ilẹ̀kùn jáde, kí orí ọkọ̀ tirẹ̀ sì wó lé e.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bẹ́líìtì ń dín ewu ikú awakọ̀ àti ẹni tó jókòó níwájú kù ní ìdá 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti mú awakọ̀ ọkọ̀ àjàgbé ní dandan, àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn àti ìpalára níbẹ̀ rí i pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn awakọ̀ ọkọ̀ àjàgbé tó kú sínú ìjàǹbá lọ́dún 2012 tí kò de bẹ́líìtì.

Ẹ̀rù iná ni ẹ̀rù tí mo bọ̀wọ̀ fún. Awakọ̀ tánkà á ní bí ọkọ̀ bá gbiná, bẹ́líìtì á dè mí mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rántí bí tánkà epo ṣe gbiná lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó lóṣù Kẹfà ọdún 2018 mọ ìdí tí ẹ̀rù náà fi wà. Àmọ́ ẹni tó forí gbá gíláàsì tó dákú, tàbí tí itan rẹ̀ kán sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò lè sá fún iná kankan. Bẹ́líìtì ló ń jẹ́ kí ojú ẹni ṣì là, kí ẹsẹ̀ ẹni sì ṣì gbé ẹni lẹ́yìn ìkọlù. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń dán bẹ́líìtì wò sọ pé lẹ́yìn ìkọlù, agbára tí a ó fi tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìwúwo nǹkan bíi kílò 6 lọ. Àtàǹpàkò kan tó o. Bí ọkọ̀ bá dojú dé tí awakọ̀ kọ́ dorí kodò, kó fi ọwọ́ kan ti òrùlé, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti dáṣíbọ́ọ̀dù, kó tó fi ọwọ́ kejì tẹ bọ́tìnì, kó má baà fi ọrùn balẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń gé bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó láti orí ìjókòó. Èyí tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ kò wúlò. Ní ti àwọn tó gbà pé bí ìjánu bá já, àwọn á bẹ́ sílẹ̀: táyà ẹ̀yìn ni wọ́n ń bẹ́ sí, wọ́n sì ti fi lítà epo ẹgbẹẹgbẹ̀rún sílẹ̀ lójú ọ̀nà láìsí ẹni tó ń tọ́ ọ.

Wọ́n tún ń sọ pé bẹ́líìtì ń fún àwọn lọ́rùn. Òótọ́ ni, ó sì ní ìdí. Ìjókòó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àjàgbé ìgbàlódé, orí àpò afẹ́fẹ́ ló wà, ó ń lọ sókè sódò bí ọkọ̀ ti ń rìn. Bí ìdí bẹ́líìtì bá wà lára òpó ilẹ̀kùn, òpó kò bá ìjókòó fò. Bí ìjókòó bá gbéra, rọ́lù tó ń ká bẹ́líìtì á ká ibi tó dẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ lójijì, rọ́lù á tì pa, bẹ́líìtì á sì fún awakọ̀. Ìjókòó tí bẹ́líìtì rẹ̀ wà lára ìjókòó fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà yìí, irú rẹ̀ sì ni kí ẹni tó ń ra ọkọ̀ máa bèèrè. Èyí tí kò bá ní in, kí awakọ̀ kọ́kọ́ tún afẹ́fẹ́ ìjókòó ṣe dé ìwọ̀n ìwúwo ara rẹ̀, kó má máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, kó wá fa ibi tí bẹ́líìtì ti ń jáde lára òpó wá sí ọ̀gangan ejìká. Pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ tí wọ́n fi ń dá a dúró kó lè dẹ̀ léwu, nítorí àlàfo tó bá ju ìka méjì lọ ń jẹ́ kí ara kọ́kọ́ fò kí bẹ́líìtì tó mú un. Gbígbà á lábẹ́ abíyá burú ju ìyẹn lọ: egungun ìhà lè kán, kó sì gún ẹ̀dọ̀. Ti ìsàlẹ̀, orí egungun ìbàdí ni àyè rẹ̀, lábẹ́ ikùn.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìmọ̀ràn yìí, fún ẹni tó ní bẹ́líìtì ni. Mack àtijọ́ àti Mercedes 911 tó ṣì ń gbé pákó àti iṣu káàkiri kò ní bẹ́líìtì kankan mọ́, tàbí kí eruku àti dísẹ́ẹ̀lì ti gan mọ́ rọ́lù rẹ̀ débi pé kì í ká padà. (Ọṣẹ díẹ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń fọ aṣọ rẹ̀, bẹntiróò àti kẹrosíìnì á bà á jẹ́.) Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì á wá tú rọ́lù ayọ́kẹ́lẹ́ tó ti bàjẹ́, wọ́n á dè é mọ́ tírélà. Bọ́ọ̀lù irin kékeré kan tàbí irin tó ń mì wà nínú rọ́lù náà, tó ń sún síwájú bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, òun ló sì ń tì í pa. Ìdúró kan pàtó ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá dè é ní ìdagẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù ti sún kúrò láyè rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, bẹ́líìtì kò ní fà jáde rárá. Awakọ̀ á bínú gé e dànù, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á sì bu owó ìtanràn fún un. Bóòtù tí wọ́n fi ń de bẹ́líìtì mọ́ ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tó 7/16 íǹṣì, kó sì jẹ́ èyí tó le. Níbi tí ihò bá wà lára páànù, kí irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 3 wà lẹ́yìn rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ bóòtù á fa páànù ya. Wẹ́dà kò gbọdọ̀ fi iná kan irin ìdí rẹ̀. Bẹ́líìtì tó ti mú ènìyàn dúró nínú ìjàǹbá rí, okùn inú rẹ̀ ti nà tán, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Ẹ má rà á. Fún orí ọkọ̀ àtijọ́ tí òpó rẹ̀ kò lágbára, bẹ́líìtì ìbàdí nìkan sàn ju òfo lọ: kò ní dá àyà dúró, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ pọ awakọ̀ jáde.

Awakọ̀ kọ́ ló ń ra nǹkan wọ̀nyí, ẹni tó ni ọkọ̀ ni. Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé ẹrù ni kí òfin ti pàdé rẹ̀. Àjọ FRSC, ìyẹn àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ti ní ètò Safe-to-Load tí wọ́n fi ń yẹ tánkà wò kó tó gbé epo ní ibùdó epo. Kí ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò gun orí ìjókòó fúnra rẹ̀. Kó fa bẹ́líìtì jáde tán, kó wo etí rẹ̀ méjèèjì bóyá ó ti ń tú. Kó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ká padà. Kó fà á fìrì, ó gbọ́dọ̀ tì. Kó ki ahọ́n irin rẹ̀ bọ ẹnu ìkọ́, kó fà á tagbára, kó tẹ bọ́tìnì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Bí ọ̀kan bá kùnà, kí ọkọ̀ náà má gbé ẹrù lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n ṣe bákan náà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò àti Ìbẹṣè, àti ní èbúté Àpápá. Ọjọ́ tí tírélà bá fi òfìfo padà sílé ni ẹni tó ni í yóò wá bẹ́líìtì rà.

Kí wọ́n má gbàgbé ọmọ mọ́tò. Orí ìbòrí ẹ́ńjìnnì tàbí orí ibùsùn ẹ̀yìn ìjókòó ni wọ́n sábà máa ń wà, níbi tí bẹ́líìtì kò sí, bí ọkọ̀ bá sì forí sọ nǹkan, ara ọmọ yẹn ni yóò fò lu ẹ̀yìn awakọ̀ tó de tirẹ̀. Ibùsùn wà fún ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró. Bó bá ń rìn, kí ọmọ mọ́tò jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kó de bẹ́líìtì. Bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, kí ẹni tó ni ọkọ̀ sanwó bọ́ọ̀sì fún ìyókù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ṣágámù