Gba ìwé láìnì yín kí ẹ tó sọ pé ẹ ń lọ

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì bá ọ yọ̀ gidigidi pé gbogbo ẹ̀ka akáǹtì ti wà lábẹ́ rẹ báyìí. Ó tọ́ sí ọ, ó sì ti pẹ́ tó ti tọ́ sí ọ.

Ọ̀rọ̀ owó fóònù ilé-iṣẹ́ yín tí o bi mí ló jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. O ní àwọn TEM, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín ṣọ́ bíìlì nẹ́tíwọ̀kì àti owó fóònù, ti sú ọ̀gá yín, ó sì fẹ́ kí ẹ bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn kí ọdún tó parí. O wá ní kí n sọ èyí tó dáa jù nínú àwọn tó ń wá bá yín dúnàá-dúrà. Ọ̀rẹ́ mi, àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irú ẹ̀ tán ni, ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ fẹ́ lọ bá. Àwọn tuntun, ẹnu gbogbo wọn ló dùn. Gbogbo wọn ló máa ṣí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á fi àwòrán aláràbarà hàn yín pé ẹ wo bí owó yín ṣe máa wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá gba ìwé láìnì yín ní pípé lọ́wọ́ àwọn àtijọ́, kò sí ohun tí àwọn tuntun fẹ́ rí dì mú.

Ìwé láìnì tí mò ń wí ni ibi tí wọ́n kọ gbogbo nọ́ńbà, gbogbo síìmù àti gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì tó wọ ọ́fíìsì yín sí: ta ló ń lò ó, ẹ̀ka wo ló ń san owó rẹ̀, ìwé àdéhùn wo ló bò ó, ọjọ́ wo ni àdéhùn yẹn máa tán, èló sì ni ìtanràn bí ẹ bá já a kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀yin lẹ ni ín, àmọ́ ọwọ́ wọn ló wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé ẹ ń lọ, wàá rí i pé ẹni tó máa ń dáhùn ímeèlì rẹ lójú ẹsẹ̀ á di ẹni tí kì í sí lórí ìjókòó mọ́. N kò bú ẹnikẹ́ni o. Ta ló ń fi tọkàntọkàn di ẹrù fún oníbàárà tó ń kó lọ?

Gbà á báyìí, nígbà tí ẹ ṣì ń rẹ́. Má gba PDF. PDF ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí wa, ojú ìwé rẹpẹtẹ tí kò ṣeé tò. Fáìlì tí Excel lè ṣí ni kí o béèrè, kí o sì yẹ òpó rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n padà fún wa, ó pé lójú: nọ́ńbà wà níbẹ̀, orúkọ wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀. Òpó kan péré ni kò sí, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kọ àlàyé ṣókí sí. Nígbà tí àwọn tuntun kó iṣẹ́ wọlé, ẹ̀rọ wọn kun láìnì kan ní pupa: ó ti pẹ́ tó ti pe ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni kì í pè é, ẹ gé e kí owó lè dínkù. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo pe ọmọkùnrin tó ń bójú tó ilé kó wá wò ó. Ó wo nọ́ńbà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, èyí tó wà nínú lífítì nìyí o. Òun lẹni tó bá há sínú ẹ̀ máa fi pe èèyàn." Inú òpó tí kò tẹ̀lé ìwé wá yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí látijọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má gé e. Láìnì aláàmù iná náà máa ń rí bẹ́ẹ̀, á dákẹ́ lọ gbári títí di ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó tí wọ́n ń bá yín fà lọ́wọ́ àwọn nẹ́tíwọ̀kì ló kàn. Ẹjọ́ bíìlì kì í tán lóòjọ́, ìgbà gbogbo ni díẹ̀ máa ń wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì yanjú. Bí ẹ bá kúrò láìgba nọ́ńbà ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n fi í sùn, iye tó wà níbẹ̀ àti ìdáhùn nẹ́tíwọ̀kì, ẹ ti fi owó yẹn tọrẹ nìyẹn. Ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló dá iye àkókò tí oníbàárà lè fi ta ko bíìlì, kì í sì í pọ̀. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ti 1934 gan-an, ọdún 2 péré ló fún ni láti lọ bèèrè owó tí wọ́n gbà lé ni lórí. Ẹjọ́ tó bá ti já sáàárín ilé-iṣẹ́ méjì, ó di ìgbà tí ọ̀dítọ̀ bá dé kí ẹnì kan tó rántí rẹ̀.

Bíìlì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bó ṣe wà yìí, ọ̀dọ̀ àwọn TEM yín ni nẹ́tíwọ̀kì ń fi í ránṣẹ́ sí tààrà. Òmíràn á wá nínú ìwé, òmíràn á wà lórí wẹ́ẹ̀bù tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, àwọn tó tóbi á wá bíi fáìlì EDI tí ẹ̀rọ ń kà fúnra rẹ̀. Ẹ máa yí àdírẹ́sì gbogbo rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwà tirẹ̀. Àwọn kan á tètè ṣe é. Àwọn kan á jẹ́ kí bíìlì oṣù tó ń bọ̀ ṣì gba ibi àtijọ́ lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní ṣí i mọ́. Wọ́n á ṣì bu ìtanràn lé e, wọ́n á sì gé láìnì lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí àwọn TEM àtijọ́ àti àwọn tuntun jọ ṣe iṣẹ́ náà pọ̀ fún ìyípo bíìlì méjì, ó kéré tán. Ọ̀gá yín máa ní ẹ ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kó wí tirẹ̀. Bíìlì àkọ́kọ́ kì í ṣeé gbára lé, torí àyípadà àárín oṣù máa ń da ìṣirò rú. Orí ìkejì lẹ ti máa mọ̀ bóyá iye tí àwọn tuntun kà bá ti àwọn àtijọ́ mu. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ dá ríra láìnì tuntun dúró, àfi èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀.

Ìwé àṣẹ tí ẹ fún wọn láti máa ṣojú yín lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì, ẹ kọ̀wé fagi lé e, kì í kú fúnra rẹ̀. Ẹ pa gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà dà. Àkọsílẹ̀ ìpè àwọn òṣìṣẹ́ yín náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó pè, ẹni tí wọ́n pè, aago tí wọ́n pè é. Bí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ ní Yúróòpù, òfin GDPR, èyí tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, ní kí irú wọn dá a padà tàbí kí wọ́n pa á rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, èyí tí ẹ bá fẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ gba ìwé lórí ẹ̀.

Wàyí o, àwọn tuntun tí o béèrè. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbowó ni mo máa kọ́kọ́ wò. Àwọn kan ń gba iye kan lórí láìnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, àwọn kan ń gba ìdá kan nínú gbogbo owó fóònù yín, àwọn kan ní àwọn ò gba kọ́bọ̀ àfi ìpín nínú owó tí àwọn bá bá yín dá dúró. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí máa wu ọ̀gá yín, mo mọ̀. Kò wù mí rárá. Ẹni tó ń jẹ lára ohun tó bá gé kò ní dúró bèèrè bóyá lífítì ló ni láìnì kan, ọdọọdún lẹ ó sì máa jà lórí iye tí owó yín ìbá jẹ́ ká ní wọn ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń gba ìdá nínú gbogbo owó, bí owó yín bá wálẹ̀, tirẹ̀ náà wálẹ̀. Ṣé ìyẹn á yára? Ti orí láìnì ni mo fara mọ́, ìyẹn bí wọ́n bá kọ ọ́ pé láìnì tí ẹ ti gé kò sí nínú iye mọ́. Tí àwọn ló bá sì máa gba owó lọ́wọ́ yín san fún nẹ́tíwọ̀kì, ẹ béèrè ìròyìn ọ̀dítọ̀ tí wọ́n ń pè ní SOC 1, èyí tó ń sọ bóyá ètò tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìṣirò owó oníbàárà ṣeé gbára lé. Ẹni tí kò bá ní i, èmi ò ní kówó lé e lọ́wọ́.

Wo ọjọ́ ìfilọ̀ inú ìwé àdéhùn yín lónìí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe bí ẹ kò bá ti kọ̀wé ṣáájú, ọjọ́ 60 tàbí 90 sì wọ́pọ̀. Bí ẹ bá máa kúrò kí ọdún tó parí lóòótọ́, ó lè jẹ́ oṣù yìí gan-an ni ìwé yẹn gbọ́dọ̀ jáde, a jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yìí lo máa béèrè fáìlì láìnì.

Ya fọ́tò ojú ìwé tó sọ bí àdéhùn ṣe ń parí, fi ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ kà á kí ìwọ àti ọ̀gá yín tó jókòó. Fi nǹkan bo iye owó àti orúkọ wọn. Alẹ́ ló rọrùn fún mi, àbíkẹ́yìn mi kì í jẹ́ kí n rójú lọ́sàn-án. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Màmá Tóbi