Ẹ Jẹ́ Kí Òǹkọ̀wé Fíìmù Jókòó Pẹ̀lú Àwọn Tó Ń Dárà Láti Ìbẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lemọ́lemọ́ lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ fíìmù ló mú mi kọ lẹ́tà yìí: wọ́n ní àrà tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà dá nínú fíìmù lóde òní ti sọ ìtàn di ohun yẹpẹrẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àǹfààní tí àrà yìí ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ìtàn fíìmù pọ̀ ju bí a ti rò lọ, ibi tí a kì í fura sí ló sì ti pọ̀ jù.

Nígbà tí Georges Méliès ti ilẹ̀ Faransé ṣe fíìmù ìrìn àjò sí òṣùpá ní 1902, ọgbọ́n tó gbójú lé jù ni pé kí ó dá kámẹ́rà dúró, kí ó pààrọ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì tún máa yà á lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀dá inú òṣùpá rẹ̀ fi ń di èéfín bí wọ́n bá ti lù wọ́n. Ibi tí irinṣẹ́ mọ ni ìtàn mọ.

Ẹ wá wo ìtàn ọkùnrin tí wọ́n bí ní arúgbó, tó ń di ọ̀dọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tí òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, F. Scott Fitzgerald, tẹ̀ jáde ní 1922. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ òṣèré láti ìgbà dé ìgbà, ọkàn òǹwòran kò ní lè rọ̀ mọ́ ẹnì kan. Ọdún 86 kọjá kí fíìmù tí wọ́n fi ìtàn náà ṣe, The Curious Case of Benjamin Button, tó jáde ní 2008, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti lè gba ìṣesí ojú òṣèré Brad Pitt sílẹ̀, kí ó sì gbé e wọ orí arúgbó tó wà lọ́rùn òṣèré mìíràn.

Eric Roth tó kọ ìtàn yẹn fún sinimá ló tún kọ fíìmù Forrest Gump ti 1994, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú rẹ̀, ológun kan pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sójú ogun. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà, wọn ì bá fi aṣọ bò ó, kí òǹkọ̀wé sì máa yẹra fún gbogbo ìran tó lè tú àṣírí. Ṣùgbọ́n wọ́n fi aṣọ búlúù we ẹsẹ̀ Gary Sinise, òṣèré tó ṣe ológun náà, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́, débi pé a lè rí i bí wọ́n ṣe ń gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì àti bí ó ṣe ń ṣubú láti orí àga. Ìbànújẹ́ ọkùnrin náà ni òǹwòran ń rí. Kò rántí kọ̀ǹpútà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fi fíìmù Jaws ti 1975 dá mi lóhùn, níbi tí ẹja àkùràkudà ẹlẹ́rọ ti ń bàjẹ́ nínú omi òkun, tí wọ́n fi ní láti fi í pamọ́, tí ìpamọ́ yẹn sì wá mú kí fíìmù náà túbọ̀ bani lẹ́rù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tipátipá ni ìpamọ́ ìgbà yẹn, nígbà tó jẹ́ pé òǹkọ̀wé òní lè fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ń gbé fíìmù jáde fún ni pé kí wọ́n má ṣe dúró di ẹ̀yìn ìyàwòrán kí wọ́n tó pe àwọn tó ń dárà. Láti ìgbà tí eré orí tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ The Mandalorian ti lo ògiri ńlá tó ń tan àwòrán sẹ́yìn òṣèré ní 2019, ọ̀pọ̀ ibi ìran ni wọ́n ní láti kọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí òṣèré tó sọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí náà òǹkọ̀wé tí kò bá tíì mọ ibi tí ìtàn rẹ̀ ń lọ yóò dá gbogbo ènìyàn dúró. Gbólóhùn kan ṣoṣo, bíi “omi bo ìlú náà mọ́lẹ̀”, kì í gba ìṣẹ́jú kan láti kọ, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ àwọn tí yóò ṣe é. Ó yẹ kí ẹni tó kọ ọ́ ti bá wọn jókòó, kí ó bi wọ́n ohun tó ṣeé ṣe, kí wọ́n sì fi ohun tí kò tíì ronú kàn hàn án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan