Tọ́ọ̀pù Gásíkẹ́ẹ̀tì Kì Í Dédé Jó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá rẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín fún ọ̀rọ̀ kan tí àwa tí a ń wa ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń sọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí a kì í sọ dé ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnnì tí ó ń mu omi, tí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí ó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, jó, tí a pààrọ̀ rẹ̀ tán, tí ó sì tún jó.

Láàárín oṣù 14, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù ni mo wà tí ọwọ́ tí ń fi ooru hàn fi gòkè pátápátá, tí èéfín funfun sì ń tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Mẹkáníìkì tí mo pè tú u, ó ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fi gọ́ọ̀mù pa á yí ká, ó sì dì í padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ó ń dì í ni ó yọ tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun kékeré tí ń ṣí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń tì í, ó jù ú sínú agolo, ó ní, “Bàbá, ti ìlú olótùútù nìyí. A ò nílò ẹ̀ níbí.” Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi létí dáadáa, mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tún gbóná. Àtúnṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tilẹ̀ pẹ́ tó ti àkọ́kọ́.

Mẹkáníìkì àgbà kan tí ọ̀rẹ́ mi júwe fún mi ni ó wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ṣáájú. Kí ó tó mú sípánà rárá, ó ní kí a tan ẹ́ńjìnnì kí ó gbóná díẹ̀, kí a sì pa á. Ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú rádíétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Òkè gbóná, ìsàlẹ̀ tutù bí àmù. Nígbà tí ó tú u wò, ẹrẹ̀ pupa bí ti ìsàlẹ̀ kànga ni ó dà jáde, nítorí omi kànga ilé mi ni mo ti ń bù sí i láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni ó yọ orí ẹ́ńjìnnì, ó fọ ojú rẹ̀ mọ́, ó gbé irin gbọọrọ kan tí ó tọ́ gan-an dùbúlẹ̀ lé e, ó sì ń ki ewé irin tín-ín-rín kan bọ abẹ́ irin náà. Ní etí méjèèjì, kò wọlé. Ní àárín, ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Ó wo ojú mi, ó ní, “Bàbá, bí ẹ bá ra ogún gásíkẹ́ẹ̀tì sí i, jíjó ni gbogbo wọn máa jó.”

Orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì, títẹ̀ tí wọ́n gbà láyè kò ju 0.05 mílímítà lọ, èyí tí kò tó ìnípọn irun orí. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe orí náà, ó sì ń wú tó ìlọ́po méjì irin bí iná bá rà á, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá fi agídí wa ọkọ̀ tí ó ti gbóná jù dé ilé ti tó láti bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yìí nìkan ni ó ya iná, omi àti òróró ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ojú tí ó jókòó lé kò bá tẹ́jú, omi yóò wọ inú òróró, òróró náà yóò sì wá dà bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fá ojú rẹ̀ kí ó tún lè tẹ́jú. Gọ́ọ̀mù kò lè ṣe é.

Ní ti tẹ́mósítáàtì, àṣìṣe ńlá ni a ń ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti mú ọkọ̀ gbóná nítorí òtútù nìkan. Ó máa ń pa ojú ọ̀nà omi dé títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 82°C, kí ó tó ṣí i sí rádíétọ̀. Ní àwọn ẹ́ńjìnnì kan, bí ó ṣe ń ṣí ọ̀nà yẹn náà ni ó ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná fi ń padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí a bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá náà yóò wà ní ṣíṣí, apá kan omi kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rádíétọ̀ mọ́. Ohun tí a yọ kí ọkọ̀ má baà gbóná ni ó wá ń mú un gbóná, pàápàá nínú gosiló.

Kúláǹtì, omi aláwọ̀ tí ó yẹ kí a máa bù sí rádíétọ̀, náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ wa gbà pé oyìnbó ni ó wà fún kí omi má baà di yìnyín. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń lé ìpẹtà, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó. Omi lásán ń hó ní 100°C. Bí ọmọrí rádíétọ̀ bá dára, tí ó sì ń pa afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi náà lè dé nǹkan bí 120°C kí ó tó hó. Ọmọrí yẹn sì ni àwa máa ń fi èyíkéyìí tí ó bá ṣáà ti wọ̀ ọ́ rọ́pò! Kúláǹtì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì pẹ̀lú kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òótọ́. Mo ti ra èyí tí ó jẹ́ omi àti aró lásán rí.

N kò di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn mẹkáníìkì. Àwa oníọkọ̀ ni a ń sọ pé kí wọ́n bá wa parí rẹ̀ lónìí nítorí òde tí a fẹ́ lọ lọ́la, àwa náà ni a kì í fẹ́ sanwó fún ẹni tí yóò fá orí ẹ́ńjìnnì, tàbí fún bóòlùtì tuntun tí a fi ń di orí náà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bóòlùtì wọ̀nyí máa ń nà nígbà tí a bá dì wọ́n, wọn kò sì ṣeé fọkàn tán lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀wọ̀ bẹ ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan ṣe fírídọ̀mù láì mọ bí a ṣe ń fi irin títọ́ wọn ojú orí ẹ́ńjìnnì, àti bí a ṣe ń fi sípánà oníwọ̀n, èyí tí ń fi bí a ṣe dì í le tó hàn, di bóòlùtì láti àárín lọ sí etí. Kí ẹ̀yin náà, Olóòtú, ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún mẹkáníìkì tí yóò máa dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo mọ bàbá kan tí kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.