Kì í ṣe àwòrán tó dára jù ló mú Blu-ray borí

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ìjà Blu-ray àti HD DVD, àwo fíìmù oríṣi méjì tó fẹ́ gba ipò DVD, dùn ún kà, ṣùgbọ́n ibi tí òǹkọ̀wé yín gúnlẹ̀ sí kò tọ̀nà. Ó ní Blu-ray borí nítorí pé àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti ìkejì lọ, àti pé kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí títí Toshiba, tó wà nídìí HD DVD, fi jáwọ́ ní Oṣù Kejì ọdún 2008. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Àwòrán kọ́ ló dá ẹjọ́ náà, ẹni tó bá sì ń wo ibi tó yẹ kó wò ti lè mọ ẹni tó máa wọlé láti ìparí ọdún 2006.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àwo náà fúnra rẹ̀. Méjèèjì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, wọ́n sì nípọn ní mìlímítà 1.2, bíi CD àti DVD gẹ́lẹ́. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ lésà tó ń ka CD gùn ní nanomita 780 (nanomita kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà), ti DVD tó pupa jẹ́ 650. Blu-ray àti HD DVD jọ ń lo lésà búlúù tó ti fẹ́ di àlùkò, nanomita 405. Bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá ṣe kúrú tó ni ojú iná tó ń bọ́ sára àwo ṣe ń kéré tó, bí ojú iná náà bá sì ṣe kéré tó ni ohun tí àwo lè gbà ṣe ń pọ̀ tó. Títí débẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ibi lẹ́ńsì ni wọ́n ti pínyà. Toshiba fi ìpele tí fíìmù wà sí àárín àwo, mìlímítà 0.6 sí ojú rẹ̀, bó ṣe wà nínú DVD. Sony, Philips, Panasonic àtàwọn alábàáṣe wọn gbé e wá sí ìta pátápátá, mìlímítà 0.1 péré sí ojú àwo. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè lo lẹ́ńsì tó ń kó iná jọ dáadáa, ìwọ̀n 0.85, nígbà tí ti HD DVD jẹ́ 0.65. Ojú iná tún kéré sí i, ìlà tí fíìmù ń tọ̀ lára àwo sì súnmọ́ra sí i. Bí èyí ṣe rí nìyẹn tí ìpele kan Blu-ray fi gba GB 25 tí ti HD DVD sì gba 15. Tí wọ́n bá fi ìpele méjì sí àwo kan, 50 sí 30 ni.

Ohun rere náà ní ìyà tirẹ̀. Nǹkan tó bá súnmọ́ ojú àwo tó bẹ́ẹ̀, ìhọra kékeré ti tó láti bà á jẹ́. Nígbà tí Sony kọ́kọ́ ta ẹ̀rọ Blu-ray tó ń gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 2003, inú àpótí ike ni àwo rẹ̀ wà. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ TDK rí ohun líle kan tí wọ́n lè fi kun ojú àwo ni wọ́n tó bọ́ ọ kúrò nínú àpótí. Ní ti ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo, wọ́n lè tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ DVD ṣe kó máa tẹ HD DVD. Blu-ray ní tirẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ tuntun. Tó bá jẹ́ ìnáwó ilé iṣẹ́ nìkan là ń wò, HD DVD ló wà níwájú.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọ̀rọ̀ àwòrán tí òǹkọ̀wé yín gbé gẹ̀gẹ̀. Àwo méjèèjì ń gbé àwòrán 1080p, ìyẹn èyí tó ní ìlà 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwo méjèèjì gba ọ̀nà mẹ́ta kan náà tí wọ́n fi ń fún fíìmù pọ̀: MPEG-2, VC-1 àti AVC. Warner, ilé iṣẹ́ fíìmù tó ń tà fún ìhà méjèèjì nígbà náà, sábà máa ń fún fíìmù rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú VC-1, á wá kó ohun kan náà sórí HD DVD àti Blu-ray. Níbo ni ìyàtọ̀ àwòrán ti máa wá? GB 50 wúlò lóòótọ́ tí fíìmù bá gùn tàbí tí ohùn rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọn kò fún pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n fíìmù wákàtí méjì tí wọ́n fi VC-1 ṣe wọ inú GB 30 láìsí ìnira.

Kódà, lọ́dún 2006, Blu-ray ló ń jìyà. Púpọ̀ nínú àwo tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde jẹ́ onípele kan, MPEG-2 sì ni wọ́n fi ṣe é, àyè kò gbà wọ́n. Ẹ̀rọ Samsung BD-P1000 tó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní Oṣù Kẹfà ọdún náà tún ní àléébù tirẹ̀: wọ́n ti ṣí ohun tó ń pa wúruwùru àwòrán rẹ́ kọjá ààlà látilé iṣẹ́, ó wá ń sọ àwòrán di bàìbàì. Iye tí wọ́n ń tà á? Dọ́là 999. Toshiba HD-A1 ti wà lọ́jà láti Oṣù Kẹrin ní dọ́là 499, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ẹ̀rọ yẹn pàápàá kò yá láti jí, nítorí kọ̀ǹpútà ni wọ́n dì sínú páálí ẹ̀rọ fídíò: Pentium 4 ló wà níkùn rẹ̀, èèyàn á sì dúró bí ìṣẹ́jú kan kó tó là. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi ojú àti àpò ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́ lóṣù yẹn, HD DVD ló máa mú. Òun ló sì máa pàdánù.

Ohun méjì ló yẹ kéèyàn máa wò nínú irú ìjà báyìí. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ni fíìmù. Láti ìbẹ̀rẹ̀, Sony, MGM, Fox àti Disney wà lẹ́yìn Blu-ray. Universal nìkan ló dúró gbọin ti HD DVD láì wo ibòmíì. Warner àti Paramount fẹsẹ̀ kan síbí, wọ́n fẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún. Ó ní ohun tí Fox àti irú wọn ń wá, kì í sì í ṣe àwòrán: Blu-ray ní BD+, ìdènà àdàkọ tí wọ́n tún gbé lé AACS tí méjèèjì jọ ń lò, ó sì ní àmì agbègbè tí kì í jẹ́ kí àwo ìlú kan ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. HD DVD kò ní àmì agbègbè kankan. Ohun tó dùn mọ́ òǹràjà nínú gan-an ni kò wu àwọn tó ni fíìmù.

Ìkejì, tó lágbára jù lójú tèmi, ni ẹ̀rọ tó ń wọlé nítorí nǹkan mìíràn. PS3, ẹ̀rọ géèmù Sony, jáde ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2006, dọ́là 499 àti 599 ní Amẹ́ríkà, Blu-ray sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Sony ń pàdánù owó lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọn kò wò ó. Ọmọkùnrin tó rà á láti gbá géèmù kò bèèrè Blu-ray, ṣùgbọ́n ó ti gbé e wọlé. Microsoft ní tirẹ̀ ta ẹ̀rọ HD DVD tí wọ́n ń so mọ́ Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù tiwọn, lọ́tọ̀, ní dọ́là 199. Ohun tí wọ́n bá ní kéèyàn lọ fi owó mìíràn rà, ìwọ̀nba èèyàn ló máa rà á. Nígbà tí ìjà náà fi máa parí, PS3 tó wà káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, ti HD DVD kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ. Láti inú Oṣù Kọkànlá yẹn ni ẹjọ́ náà ti yí padà.

Àwọn kan á ní ṣebí Paramount àti DreamWorks Animation kó sẹ́yìn HD DVD pátápátá ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2007. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé 150 mílíọ̀nù dọ́là ló wà nídìí ẹ̀. Tí ẹgbẹ́ kan bá ti ní láti san irú owó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lè rí fíìmù gbà, ó ti hàn ibi tí omi ń ṣàn sí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé ìtajà Wal-Mart ń ta Toshiba HD-A2 ní iye tí kò tó 100 dọ́là, àwọn alátìlẹ́yìn HD DVD sì ń jó. Kò yẹ kí wọ́n jó. Ọ̀pọ̀ tó ra ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ rà á láti fi wo DVD tó wà nílé wọn ni, nítorí ó máa ń tún àwòrán DVD ṣe dáadáa tí wọ́n bá fi okùn HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ ń tà, àwo kò tà tó ti Blu-ray.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kìíní ọdún 2008, Warner kéde pé Blu-ray nìkan lòun máa ṣe. Ẹgbẹ́ HD DVD fagi lé ìpàdé oníròyìn tí wọ́n ti múra sílẹ̀ fún níbi CES, ìpàtẹ ẹ̀rọ ìgbàlódé, ní Las Vegas. Netflix tó ń fi àwo fíìmù yáni, ilé ìtajà Best Buy àti Wal-Mart tẹ̀ lé Warner láàárín Oṣù Kejì, Toshiba sì kéde ní ọjọ́ 19 oṣù náà pé ó parí. Ẹ̀rọ tó ń gba àwo méjèèjì tí LG ṣe, BH100, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: dọ́là 1,199 ni, ta ló máa san ìyẹn nígbà tí PS3 wà ní ìdajì owó yẹn?

Òǹkọ̀wé yín fi ìjà kásẹ́ẹ̀tì fídíò Betamax àti VHS ṣe àpẹẹrẹ, ó sì ní Betamax ló dára jù, síbẹ̀ VHS borí. Kó tó sọ ìyẹn, ì bá wo gígùn kásẹ́ẹ̀tì. Betamax tó jáde lọ́dún 1975 gba wákàtí kan. VHS tó dé lọ́dún kejì gba méjì, fíìmù kan sì wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Èyí ló jẹ́ kó dára jù fún ẹni tó fẹ́ wo fíìmù. Lọ́dọ̀ wa níbí, orí VHS ni fíìmù àgbéléwò ti gbilẹ̀, lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí VCD. VCD kò gba ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, ni wọ́n ṣe ń ta fíìmù kan ní àwo méjì, àwòrán rẹ̀ sì burú ju ti DVD lọ fíìfíì. Ó borí nítorí pé àwo rẹ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀ kò wọ́n. Blu-ray kò rọ́wọ́ mú ní Alábà rí, kò sì yani lẹ́nu: kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya púpọ̀ nínú fíìmù wa nígbà náà kò ní àwòrán 1080p tí ẹnikẹ́ni máa kó sórí rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí àpilẹ̀kọ yín mẹ́nu bà: ó ṣeé ṣe kí ẹni méjì máa jà kí ẹni kẹta gbé e lọ. SACD àti DVD-Audio jà lórí àwo orin láti nǹkan bí ọdún 1999, MP3 ló kó ọjà. Netflix tó kó sẹ́yìn Blu-ray ní 2008 ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007. Ẹni tó bá ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ lórí àwo méjì, kó bi ara rẹ̀ bóyá àwo ni àwọn èèyàn ṣì máa rà.

Àwọn òǹkàwé yín tí ará ilé wọn ń kó irú ẹ̀rọ àti àwo wọ̀nyí ránṣẹ́ láti òkè òkun lèmi fẹ́ bá sọ èyí tó kù. Agbègbè B ni Nàìjíríà wà lórí Blu-ray, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Yúróòpù. Amẹ́ríkà wà ní A. Àwo láti London máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní London. Àwo láti Houston lè kọ̀, àyàfi tí wọ́n bá kọ A, B àti C pọ̀ sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀, èyí sì wọ́pọ̀. Àwo 4K Ultra HD kò ní àmì agbègbè rárá. DVD ní ìpín tirẹ̀ tó yàtọ̀: Amẹ́ríkà jẹ́ 1, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 2, àwa jẹ́ 5.

Ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní òun lè tún ẹ̀rọ HD DVD ṣe kó máa ka Blu-ray. Lésà wọn jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì 0.65 tí wọ́n ṣe fún ìjìn mìlímítà 0.6 kò lè gún ojú iná rẹ̀ sí mìlímítà 0.1. Á kàn máa yí àwo kiri ni, á wá sọ pé òun kò rí nǹkan kan. Ẹni tó ní àwo HD DVD Warner lọ́wọ́, kó tètè wò ó báyìí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń jẹrà láti inú, kódà èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ṣì dára fún DVD, ẹ má sọ ọ́ nù. Tó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ yí i dé kí ẹ tó ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Tó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, iná NEPA máa jó páwà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra transformer tó ń sọ 240 di 110, èyí tí watt rẹ̀ tó ìlọ́po méjì iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì rántí pé DVD agbègbè 1 ló máa gbà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn